Ẹ Ṣọ́ra fún Gẹ̀ẹ́sì Tí Kò Jọ Àṣìṣe

Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún yín kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń rín wa. Ẹni tó bá sọ pé "he go" níbi tó yẹ kó ti sọ "he goes", wọ́n á rín in díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀, torí pé ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tó ní lọ́kàn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni gbólóhùn tó dán, tó jọ Gẹ̀ẹ́sì gidi, tí kò sí tíṣà tó máa fi bíìrò pupa fà á nídìí, ṣùgbọ́n tí ohun tí àwa fi í sọ yàtọ̀ sí ohun tí dókítà, ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n gbọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Àgbọ́ìgbọ́tán Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dá ìjà sílẹ̀, ohun tó sì mú kó léwu gan-an nìyẹn: kálukú á gbà pé òun gbọ́ èkejì yé, wọ́n á túká, ó di ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kó ọ̀rọ̀ àti àkànlò 29 láti ẹnu àwa ọmọ Nàìjíríà sínú ìwé wọn, "next tomorrow" àti "severally" tí a ó mẹ́nu bà níwájú sì wà lára wọn. Bí a bá jókòó láàárín ara wa n'Íbàdàn tàbí ní Peckham, kò sí ohun tó ṣe é, ẹ máa sọ ọ́ lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ara yín, owó yín, tàbí ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù ni mo ti ní kí ẹ rọra.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù lẹ́nu, tó sì burú jù lójú tèmi: "yes" àti "no". Bí ẹnì kan bá bi wá ní Yorùbá pé, "O ò tíì jẹun ni?", tí a kò sì tíì jẹun lóòótọ́, a máa ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tí a ń sọ ni pé bí o ṣe wí ló rí. Bó bá jẹ́ pé a ti jẹun, a ó ní, "Rárá o, mo ti jẹun," ìyẹn ni pé kò rí bí o ṣe wí. Ẹni tó béèrè ni à ń dá lóhùn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ ni "yes" àti "no" tiwọn ń sọ: "yes" ni pé mo jẹ, "no" ni pé n kò jẹ, bó ti wù kí wọ́n gbé ìbéèrè ọ̀hún gbà. Torí náà, nígbà tí "not" bá ti wọ inú ìbéèrè, "bẹ́ẹ̀ ni" wa ti di "no" lọ́dọ̀ wọn, "rárá" wa sì ti di "yes".

Ẹ wá gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì bi ìyá àgbàlagbà kan pé, "You haven't eaten anything since last night, Mama?" Ìyá ti fi ẹ̀kọ díẹ̀ panu láàárọ̀, wọn kò sì fẹ́ purọ́, wọ́n ní, "No." Lọ́kàn tiwọn, wọ́n ti jẹ́wọ́: rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ nǹkan. Nọ́ọ̀sì gbọ́ pé wọn kò jẹ nǹkan kan, ó fàmì sí ìwé, wọ́n tì wọ́n wọlé. Kì í ṣe àṣà lásán ló fà á tí wọ́n fi ń béèrè. Bí abẹ́rẹ́ akunnilóorun bá ti ran ènìyàn, ọ̀fun kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ní kí aláìsàn fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wákàtí 6, kí ó sì fi omi sílẹ̀ fún wákàtí 2, kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì abẹ. Ìyá kò purọ́, nọ́ọ̀sì kò ṣàìbìkítà, síbẹ̀ oúnjẹ wà nínú ikùn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀nà kejì ló máa ń gbà yọ. "So you didn't take the money?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mú owó kankan dáhùn kíákíá pé, "Yes, sir!" Bẹ́ẹ̀ ni, èmi kọ́ ni mo mú un. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá Ìbàdàn ló béèrè, ó ṣeé ṣe kó yé e, torí pé irú Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ. Bó bá jẹ́ ní Houston tàbí ní Manchester, tí ẹ̀rọ sì ń gba ohùn sílẹ̀, "yes" yẹn lè dúró sínú ìwé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ṣe fi "yes" tàbí "no" nìkan dáhùn ìbéèrè tó bá ṣe pàtàkì. Ẹ sọ gbólóhùn rẹ̀ tán. Ẹ ní "I have eaten. I ate this morning." Ẹ ní "I did not take the money." Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán báyìí, ibi yòówù kí "yes" tàbí "no" tó ṣáájú wà, ọ̀rọ̀ yín á dúró. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa nílé náà, tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá aláìsàn Yorùbá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ "not" kúrò nínú ìbéèrè yín. Ẹ béèrè pé kí ni Ìyá jẹ gbẹ̀yìn, nígbà wo ni wọ́n jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè fi "yes" dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn.

"Used to" ló tẹ̀ lé e, ó sì dun mí pé ilé ẹ̀kọ́ wa kì í tẹnu mọ́ ọn tó. Tí a bá sọ ní Yorùbá pé "mo máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru", ó yé gbogbo wa pé à ń lò ó lọ́wọ́: a lò ó lánàá, a lò ó lónìí, a ó lò ó lọ́la. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé "máa ń" yìí wọ inú "used to", a ó ní, "I used to take it every morning." Ohun tí elédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ni pé a ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ rí, a sì ti fi í sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní àbùkù kankan, kò sì sí ohun tó máa mú kí dókítà fura. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn yìí kò lo oògùn mọ́.

Ẹ ro ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bí wọ́n bá gbà pé ó ti fi í sílẹ̀, wọ́n lè fi abẹ kàn án láìmúra fún ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa ṣàn. Wọ́n sì lè kọ oògùn mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé, irú aspirin, kún un. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́, tó wá sọ pé "I used to inject it", lè sùn sí wọ́ọ̀dù mọ́jú láìrí ẹni tó fún un ní abẹ́rẹ́, ṣúgà á sì máa gun òkè nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ ní "I take it". Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, ẹ ní "I stopped", kí ẹ sì fi oṣù tí ẹ fi í sílẹ̀ kún un. Èyí tó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí ẹ kó páálí oògùn yín dání lọ sí ọsibítù, gbogbo rẹ̀ pátá, àgbo tí ẹ ń mu náà, kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Páálí kì í ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé físà. Wọ́n bi ènìyàn pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní, "I used to teach in a secondary school." Tíṣà ni, àná gan-an ló kúrò ní kíláàsì wá síbẹ̀, lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì tó gbé dání. Ẹni tó ń bi í léèrè ti gbọ́ pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ tó ń dúró dè é nílé, ó ṣòro kí wọ́n gbà pé yóò padà. Wọn kì í jókòó ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣì fún ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀ lọ sí ọ̀rọ̀ ẹbí, torí pé ojú fèrèsé kan náà ni òun náà ti ń kó bá wa. Ní ilé wa, ọmọ àbúrò ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ni tàbí àbúrò mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá mi ni. Ìwà tó dára ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà máa ń béèrè bóyá òbí ẹni wà níbẹ̀, bóyá ọkọ, aya, àfẹ́sọ́nà, ọmọ, tàbí ẹni tí a jọ jẹ́ ọmọ òbí wà níbẹ̀. Ẹnì kan á kọ "no" sí i, òótọ́ ló sì kọ. Ó dé iwájú òṣìṣẹ́, wọ́n bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ, ó fẹ̀rín dáhùn pé, "My brother in Maryland." Ẹnu rẹ̀ ti ta ko ìwé rẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ láti gba físà, wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé, àfi bí wọ́n bá fún un ní àforíjì pàtàkì. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀tàn nínú ìwé ìbéèrè físà lè lé ènìyàn sẹ́yìn fún ọdún 10. Àṣìsọ kì í ṣe irọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá ẹnu tí ẹ máa fi ṣàlàyé rẹ̀, lójú ẹni tí ìlà gígùn dúró dè lẹ́yìn yín. Ní iwájú irú àwọn wọ̀nyí, ẹ ní "cousin", ẹ ní "my mother's younger sister", ẹ ní "my late father's friend". Ẹ pè é ní ẹ̀gbọ́n bí ẹ bá délé rẹ̀.

Àwọn arọ́pò orúkọ wa náà gba ìṣọ́ra. Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú "ó" àti "rẹ̀", ìdí nìyẹn tí "he" àti "she" fi máa ń fò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu wa, pàápàá bí ẹ̀rù bá ń bà wá tàbí tí inú wa bá bàjẹ́. "Wọ́n" tilẹ̀ tún wá le jù. A fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo, a fi ń sọ nípa ogún ènìyàn, a tún fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Obìnrin tí bàbá onílé kan ṣoṣo lù, tó wá lọ fẹjọ́ sùn, á ní, "They beat me." Agbófinró kọ ọ́ pé ènìyàn púpọ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tó sọ pé ẹnì kan ni, wọ́n bi í pé èwo ni òtítọ́. Ẹni tó ń tọrọ ààbò lókè òkun tún wà nínú ewu ju èyí lọ, torí pé bí ìtàn rẹ̀ bá ṣe bára mu sí ni wọ́n fi ń wọn òtítọ́ rẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ń sọ, ẹ sì máa dá a pè lọ: "the landlord beat me, the landlord locked the door". Kò ní dùn létí, kò sì yẹ kó dùn. Ẹ̀rí lẹ ń jẹ́.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ owó. Ní èdè wa, "yá" ni ti ẹni tó mú owó jáde àti ti ẹni tó gbà á. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, "lend" fún ẹni tó mú un jáde, "borrow" fún ẹni tó gbà á. Nígbà tí a bá wá sọ pé "I borrowed him ₦400,000", ní ọjà Bódìjà, ó yé gbogbo ayé. Lórí ìwé tó délé ẹjọ́, lọ́yà onígbèsè á sọ pé "borrow" ni olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ kọ, ẹni tó sì "borrow" ni ó jẹ owó. Adájọ́ tó mọ̀ wá lè má gbà fún un, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi fún un ní ohun ìjà? Láti ọdún 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù fún ẹjọ́ gbèsè kéékèèké tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tí àwọn ènìyàn wa ti ń gba owó wọn padà. Ìwé tí ẹ bá mú wá ni wọ́n máa wò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé "I gave him ₦400,000 as a loan. He will pay it back to me", kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò san án, kí ó buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìwé gbèsè tí a fi Yorùbá kọ kò di àṣà àtijọ́. Bí ó bá dé kóòtù, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, òtítọ́ inú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe oníduro fún ènìyàn ní báńkì tàbí ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Gbólóhùn kan wà tó sábà máa ń wà lápá ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà: "jointly and severally liable". Lẹ́nu wa, "severally" ni lọ́pọ̀ ìgbà, bí a ṣe ń sọ pé "I have called you severally". Ẹni tó bá fi etí yẹn kà á lè rò pé wọ́n ń sọ pé wọ́n á pe òun lọ́pọ̀ ìgbà bí owó bá wọlé pẹ́. Ohun tí òfin fi í sọ ni pé oníduro kọ̀ọ̀kan ló ru gbogbo gbèsè náà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ dúró fún mílíọ̀nù 3 náírà, kò di dandan kí báńkì gba mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tó yáwó bá sá lọ, tí oníduro kejì kò sì lówó, tí ẹ̀kẹta ti ṣí lọ sí Kánádà, wọ́n lè wá bá ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àti ọkọ̀, kí wọ́n gba mílíọ̀nù 3 pé pérépéré. Ó di ọwọ́ yín láti lépa àwọn yòókù fún ìpín tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ilé lè tìtorí rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ bi òṣìṣẹ́ náà pé: bí gbogbo àwọn yòókù bá sá, èló ló kù sí mi lọ́rùn? Bí iye tó dárúkọ bá ju agbára yín lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ẹ lè dúró fún sínú ìwé. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má buwọ́ lù ú, bó ti wù kí ẹni náà sún mọ́ yín tó. N kò sọ èyí pẹ̀lú ìkanra sí ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ torí pé ọmọ yín wà nínú ilé yẹn.

"Sorry" ń kọ́? Ẹ pẹ̀lẹ́ ni fún wa. Ẹni tó kọsẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí iná jó lọ́wọ́, gbogbo wọn là ń sọ ọ́ fún, bí a kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Lókè òkun, tí ọkọ̀ méjì bá forí gbárí, "sorry, sorry" tí a sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lè dún létí ẹnì kejì bí ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2006 lórí gbà-má-bínú sọ ọ́ kedere pé títọrọ àforíjì nìkan kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi àìbìkítà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹlẹ́rìí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà má sọ ohun tó gbọ́. Ẹ béèrè pé "Are you all right?" Ẹ pe ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì bó bá yẹ. Àánú yín á hàn, ẹ̀bi kò sì ní í tẹ̀ lé e.

Àwọn kéékèèké tó kù, ẹ jẹ́ kí n sáré kà wọ́n kọjá. "Next tomorrow" kò yé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Bí ọjọ́ ìpàdé ọsibítù bá bọ́ sí ọ̀túnla, ẹ dárúkọ ọjọ́ náà gan-an. Àlejò tó sùn nílé yín, ẹ má pè é ní "stranger" létí ọlọ́pàá tàbí ẹni tí ẹ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni àìmọ̀ ni ìyẹn fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ gba àkíyèsí gidi: 05/06 ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni. Ẹni tó bá ṣi ọjọ́ kóòtù ìmígíréṣọ̀n kà lè pàdánù ẹjọ́ láìsí níbẹ̀. Ẹ máa fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù nígbà gbogbo.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni èdè yìí ń dà láàmú. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òfin kan ka àwọn iṣẹ́ tí ọ̀gá kò ní láti san owó àfikún fún bí òṣìṣẹ́ bá ṣe é kọjá àkókò, ó sì parí rẹ̀ sí "packing for shipment or distribution" láìfi kọ́mà sí ẹ̀yìn "shipment". Àwọn awakọ̀ tó ń pín wàrà fún iléeṣẹ́ Oakhurst Dairy sọ pé, bí kò ti sí kọ́mà níbẹ̀, dídì ẹrù nìkan ni òfin ń sọ, kì í ṣe pípín in kiri. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre, nígbà tó sì di ọdún 2018, iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là. Àwọn tí wọ́n kọ òfin yẹn, inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí wọn sí.

Ìtàn kan tún wà tí gbogbo ẹbí tó ń gbé lókè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Sípéènì ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1980, ní Florida, wọ́n gbé ọmọ ọdún 18 kan, Willie Ramirez, dé ọsibítù láìmọra. Ọmọ Kúbà ni àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní ó jẹ́ "intoxicado", ohun tí wọ́n fi í sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí ohun tó jẹ ti ṣe é ní ibi. Àwọn dókítà gbọ́ ọ bí "intoxicated", wọ́n gbà pé oògùn olóró ló lò kọjá ààlà, òun ni wọ́n sì ń tọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi mọ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Owó tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 71 dọ́là, kò sì dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó pe ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé tọ̀tún tòsì ló gbà pé òun gbọ́ ohun tí ẹnì kejì sọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìtìjú sọ pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọsibítù ìjọba Ìlú Ọba, ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọsibítù tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí aláìsàn á fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Gbólóhùn kan tó láti sọ: "I need a Yoruba interpreter, please." Ẹni tó kàwé gboyè náà lè sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó tó láti fi kọ ìwé lè má tó lọ́jọ́ tí ara ń ro ni. Ẹ má sì sọ ọmọ di ògbufọ̀ òbí lórí ọ̀rọ̀ àìsàn. Ọmọ ọdún 12 tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè máà mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì lè fo ohun tó tì í lójú láti sọ.

Nílé náà, ẹ ní ẹ̀tọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 35, ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Abala 36 fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ nílé ẹjọ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà ní ààbò: bí ẹnì kan bá bá a kọ ìwé, òfin ní kí akọ̀wé náà kà á sí i létí, kó ṣàlàyé rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí bàbá yín bá fẹ́ ta ilẹ̀ lọ́la, ẹ wá orúkọ akọ̀wé náà lórí ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ lẹ́nu yín, ẹ má fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kà á fún yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dúró níbi gbogbo tí "they" bá ti wà, kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ibi tí kò bá bá ohun tí ẹ sọ mu, kí wọ́n fà á nù, kí wọ́n kọ èyí tó tọ́ sí orí rẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ lè dúró.